Àkàrà Ìṣínu Venez-Voir

Lórí ẹní ni wọ́n ti bá òkú Bàbá Bẹ̀llò lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Bẹ̀llò arúgbó tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí Venez-Voir, àdúgbò kan ní Libreville, olú ìlú Gàbọ́ọ̀nù. Ìgbẹ́ gbuuru ló gbé e lọ. Lójúlé tó kángun sí tirẹ̀, wọ́n ń kérora. Lójúlé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń bì. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ tán, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ẹni tó bá ti jẹ àkàrà Sìlífátù níbi ìṣínu àná ló wà nínú ìpọ́njú, ẹsẹ̀ àwọn mìíràn sì ti kú tipiri.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í wá aṣebi lọ sọ́nà jíjìn. Wọn ò tíì wẹ òkú tán tí àwọn géńdé fi wó àtíbàbà Sìlífátù, tí wọ́n fọ́ agbada rẹ̀, tí wọ́n ní òun alára ló kù táwọn máa sun níná. Ọlọ́pàá kan tó ṣì ní ọpọlọ díẹ̀ lágbárí ti yára bu epo tó kù nínú agbada sínú ìgò. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Epo pupa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi epo ẹ̀rọ lú u, irú èyí tí kò rùn, tí kò láwọ̀, tí àwọn agégẹdú ń rọ sínú ẹ̀rọ ìlagi nínú igbó.

"Obìnrin náà ló lú u," ni ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Lọ́la, ẹ gbé e lọ síwájú adájọ́." Ó wá ju iṣẹ́ náà sọ́wọ́ Sípẹ́kítọ̀ Benoît Láléyẹ, nítorí pé òun ló gbọ́ èdè àwọn aláàkàrà.

Ọmọ Nàgó ni Benoît. Pobè ní ilẹ̀ Nàgó ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣe akọ̀wé fún àwọn Faransé kí Gàbọ́ọ̀nù tó gbòmìnira. Ọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ohun méjì ló kórìíra láyé yìí: òórùn lọ́fíńdà àti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ gígùn. Bí èèyàn bá ti ń ṣàlàyé jù, èékánná ara rẹ̀ ni yóò máa wò, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n á tètè dákẹ́.

Nígbà tó wọ yàrá ìtìmọ́lé, Sìlífátù kò dìde. Ó jókòó nílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Aláfojúdi ni," ni ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà wí. "Àtàárọ̀ la ti ní kó dìde, kò dáhùn."

Benoît wo ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó wo ọlọ́pàá náà. "Ìwọ yìí, orí rẹ kàn wà lọ́rùn fún fìlà ni. Jáde." Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìyá, ẹ kú ìnira. Ṣé ẹsẹ̀ ni?"

"Ẹsẹ̀ ni, ọ̀gá. N ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ má bínú pé n ò dìde."

"Ẹ jẹ nínú àkàrà náà?"

"Kí ni ǹ bá tún fi ṣínu? Èmi náà gbààwẹ̀."

Sípẹ́kítọ̀ mí kanlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi epo pa àdúgbò, tó tún wá jókòó jẹ nínú rẹ̀, àfi kó jẹ́ wèrè. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́gbọ́n tó wà lágọ̀ọ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí tí kò fi dìde. Wọ́n rí obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, wọ́n ní àfojúdi ni.

"Níbo lẹ ti ra epo náà?"

"Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ni, ọ̀gá. Ẹgbẹ́ tí èmi àti Eugénie fọwọ́ ara wa dá sílẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ọdún òmìnira gan-an ni òun àti Eugénie, ọmọ onílẹ̀ tó ń fún epo ní PK12 létí ìlú, tẹ́ ẹní kan ṣoṣo sẹ́bàá títì. Ọ̀kan gbé àkàrà kalẹ̀. Èkejì gbé epo àti àpọ̀n tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n dì gbagidi, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní odika. Oúnjẹ inú agolo ti sú àwọn èèyàn nígbà náà: sàdíìnì inú agolo, ẹ̀fọ́ inú agolo, wàrà inú agolo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Eugénie gbé epo wá, Sìlífátù ní, "Ìwọ tó gbé e wá, kọ́kọ́ mu ún," nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé tiwọn nìyẹn. Eugénie rẹ́rìn-ín, ó da á sí ṣíbí, ó gbé e mì. Bó ṣe di òfin nìyẹn. Ẹni tó gbé oyin wá, kó kọ́kọ́ lá. Ẹni tó gbé ẹja yíyan wá, kó kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó gbé epo wá, kó gbé ṣíbí kan mì lójú gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó máa gbé ohun tó mọ̀ pé ó lóró mì. Òfin yẹn nìkan ló gbé orúkọ ẹgbẹ́ dé gbogbo Libreville. Olóyin dé, apẹja dé, ẹní kan di ẹní púpọ̀, ẹní púpọ̀ di ìsọ̀.

Ibi tí ohun rere bá ti ń hù ni àwọn ẹni ńlá ti ń yọjú. Súbérù dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ò tíì gbóná tó fi di alága. Jean-Baptiste dé, ọmọ onílẹ̀ tó kàwé, tó ń so táì mọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán; òun ló kọ orúkọ Faransé gàdàgbà sára pátákó. Wọ́n wá kó ẹgbẹ́ lọ sí àdúgbò Louis, sínú ilé ìtajà onígíláàsì, níbi tí ìyàwó àwọn ọlọ́lá ti ń de fìlà wá ra oyin igbó. Oyin kan náà wà nílẹ̀ ní PK12 lánàá, wọ́n yímú sí i. Ó wá dé orí tábìlì, ó di oúnjẹ tí kò lábùlà. Sìlífátù ńkọ́? Wọ́n ní èéfín ń rùn lára ìró rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ dín àkàrà ní Venez-Voir, kó máa ra epo lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bíi gbogbo ayé.

"Lálẹ́ ìṣínu yẹn," ni Benoît bi í, "ta ni kò jẹ nínú àkàrà?"

Obìnrin náà ronú. "Mùsíọ̀ Jean-Baptiste wá gba kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ, mo fún un, ó ní òun kì í jẹ ohun tí wọ́n dín sí gbangba." Ó sọ ojú sílẹ̀. "Bàbá alága náà kò jẹ. Ó sì jẹ́ pé lọ́dọọdún àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Wọ́n ní eyín ń dùn wọ́n. Mo rò pé iyọ̀ ló pọ̀ jù. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́?"

"Ojú ló tì mí, ọ̀gá."

Benoît dìde. Ọ̀nà Louis ló forí lé.

Jean-Baptiste wà lẹ́yìn káńtà, ó ń fi aṣọ funfun nu ìgò oyin. Faransé tó ń sọ, imú ló ń gbà jáde. "Mùsíọ̀ l'Inspecteur, ẹgbẹ́ wa kò lábàwọ́n. Obìnrin yẹn ló dọ̀tí. Irú àwọn báwọ̀nyí, ohun tó bá sún mọ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń dà sí oúnjẹ."

"Ìwọ lo gba kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Níbo ló wà?"

"Mo ti fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́. Alága ló ní kí n fọ̀ ọ́ kíákíá."

"Ṣe lo kọ́kọ́ fọ ẹ̀rí kí ọlọ́pàá tó dé? O káre láé. Ta ló gbé epo náà wá?"

"Alága fúnra rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì, Venez-Voir ló ní kí méjèèjì lọ. Ọ̀kan ló ní ká kọ́kọ́ gbé fún Sìlífátù. Láàárọ̀ yìí ló wá fọkọ̀ gbé èkejì lọ, ó ní òun fẹ́ fi ṣàánú fún àwọn tó ń ṣàìsàn."

Ojú Sípẹ́kítọ̀ kúrò lára èékánná rẹ̀. "Ó tọ́ ọ wò bí òfin ṣe wí?"

"Lójú èmi àti Eugénie, lọ́sàn-án gangan. Ó da ṣíbí kan sẹ́nu." Jean-Baptiste nà gbọọrọ. "Ọmọlúàbí ni. Kò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bíi ti àwọn ará oko. Àǹkáṣíìfù funfun ńlá ló fi nu ún, gbogbo rẹ̀ sì pọ́n fòò."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Benoît fi í sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú oyin rẹ̀. Èèyàn ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an, ó sì ń yìn ín. Ilé ìwé ńlá ló lọ.

Ní PK12, Eugénie ń ro epo lórí iná. Obìnrin náà sanra, kò sì ní sùúrù fún ọlọ́pàá.

"Ẹ tú Sìlífátù sílẹ̀, ẹ máa wá aṣebi yín," ló fi kí i.

"Aṣebi ni mo ń wá. Alága yín, ìgbà wo ló máa ń gbé epo wá nínú ààwẹ̀?"

Eugénie gbé igi tó fi ń ro epo dúró. "Nínú ààwẹ̀ èṣí, ẹ̀yìn ìṣínu ni gbogbo àwọn onímàle ń kó ẹrù wọn wá, kí wọ́n lè gbé tiwọn mì. Sìlífátù ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀sán gangan ni alága dé. Mo rò pé nítorí ọkọ̀ rẹ̀ tó máa lọ kó àgbá epo ẹ̀rọ fún àwọn agégẹdú ni." Ó wo Sípẹ́kítọ̀. Igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni," ni Benoît wí. "Mo ní iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ṣé o mọ àkàrà dín?"

"Ta ló kọ́ mi bí kò ṣe Sìlífátù?"

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Súbérù, lọ́fíńdà ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Alága fi agbádá bo àga mọ́lẹ̀, tẹ̀súbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, jókòó. Ìwọ ọmọ Nàgó, ará ilé ni wá. Ọ̀rọ̀ Bẹ̀llò dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n àwọn ará Venez-Voir yìí, o mọ bí wọ́n ṣe ń gbé. Ikùn wọn ti bàjẹ́ tipẹ́."

"Epo yín ni wọ́n fi dín àkàrà náà, bàbá."

"Epo mi mọ́ ju omi lọ. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi síwájú nínú ẹgbẹ́ yìí. Ta ló gbé e dé Louis? Ẹní ni mo bá wọn lórí rẹ̀. Tí Sìlífátù bá wá da ìdọ̀tí sí epo, ṣé èmi ni n ó máa sọ́ agbada rẹ̀ ni?" Ó sọ ọ́ lọ, ó sọ ọ́ bọ̀, ó ka oore tó ti ṣe, ó ka mọ́ṣáláṣí tó kùn lọ́dà. Sípẹ́kítọ̀ wo èékánná rẹ̀ títí ó fi tán. Nígbà tó tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ bá wa péjọ ní Louis lónìí kí oòrùn tó wọ̀. A fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà níwájú ẹgbẹ́."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tètè rí àyè gbé obìnrin yẹn kúrò nílẹ̀."

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ilé onígíláàsì ti kún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, àwọn onímàle àti àwọn onígbàgbọ́. Álífà Bàdírù, lèmọ́mù Venez-Voir, wà níwájú. Eugénie dáná sí ẹ̀yìnkùlé, òórùn àkàrà sì gba gbogbo ibi tí wọn ò ti fẹ́ gbọ́ òórùn èéfín mọ́. Jean-Baptiste fọwọ́ bo imú.

"Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀," ni Benoît wí. "Alága, ṣé ẹ mu epo yẹn bí òfin ṣe wí?"

"Mo mu ún. Ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀."

"Lọ́sàn-án ààwẹ̀?"

Àwọn onímàle wo ara wọn. Álífà Bàdírù gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n Súbérù rẹ́rìn-ín, ó ti múra sílẹ̀ de ìyẹn.

"Mo fi kan ahọ́n, mo tu ú sínú àǹkáṣíìfù. Álífà, ṣé ẹ̀sìn kò gbà bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó gbà bẹ́ẹ̀," ni Álífà wí, "bí kò bá ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun."

"Ẹ ṣé, Álífà. Ẹ̀sìn gbà á, òfin ẹgbẹ́ ni kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná." Benoît juwọ́, Eugénie sì gbé àwo àkàrà wọlé, ó ń gbóná fẹ́lífẹ́lí. "Kẹ́ẹ̀gì kejì, èyí tí alága fẹ́ fi ṣàánú, a ti rí i. Epo inú rẹ̀ ni Eugénie fi dín èyí. Ọwọ́ Sìlífátù kò kàn án. Alága ní ó mọ́ ju omi lọ. Oòrùn sì ti wọ̀. Bàbá, ẹ bá wa ṣínu."

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Súbérù.

Jean-Baptiste ló kọ́kọ́ sún síwájú. "Ìtìjú ni èyí," ló wí tìbínú-tìbínú. "Epo ẹgbẹ́ wa nìyí. Èmi á jẹ ẹ́ lójú gbogbo yín." Ó mú àkàrà kan, ó jẹ ẹ́ tán, ó mú òmíràn. Epo ń ro sórí táì rẹ̀, kò tilẹ̀ nù ún. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tó dájú. Benoît, tó ti kà á sí òmùgọ̀ látàárọ̀, wá rí i pé òmùgọ̀ náà jẹ́ olóòótọ́.

Súbérù ń wò ó bó ṣe ń jẹ. Kò sọ nǹkan kan.

"Ó kàn yín, bàbá."

"Eyín ń dùn mí."

"Eyín ọjọ́ náà?"

"Súbérù," ni Álífà Bàdírù wí jẹ́ẹ́jẹ́, "Bẹ̀llò kò kọ̀ ọ́. Mú un."

Ó mú un. Ó gbé e dé ẹnu, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Benoît bẹ̀rẹ̀, ó mú èyí tó jábọ́ náà nílẹ̀, ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.

"Epo Eugénie ni," ló wí. "A ò rí kẹ́ẹ̀gì kankan. Gbogbo yín lẹ lè jẹ ẹ́. Ẹni kan ṣoṣo ló wà níbí tó mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, òun ni kò sì lè jẹ." Ó yíjú sí Jean-Baptiste, tí ẹnu rẹ̀ ṣì kún. "Ìwọ, gbọ́ dáadáa. Ó gbà gbọ́ pé májèlé lo ń jẹ. Ó wò ọ́ títí o fi jẹ méjì. Kò ní kí o má jẹ ẹ́."

Jean-Baptiste yíjú sí alága rẹ̀. Àkàrà tó wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú.

Sípẹ́kítọ̀ wá ṣàlàyé, kò sì fi gùn. Ẹni tó fẹ́ gbé epo mì á dúró de alẹ́ bíi ti èṣí. Ọ̀sán ni Súbérù yàn, nítorí pé ọ̀sán ààwẹ̀ nìkan ni èèyàn lè tu epo dànù, kí àwọn onígbàgbọ́ rò pé ó gbé e mì, bí àwọn onímàle bá sì gbọ́, kí wọ́n ní ẹ̀sìn gbà á. Ó fi ẹ̀sìn bo ojú òfin. Ẹni tó gbé ṣíbí epo kan mì, kí ló kù lẹ́nu rẹ̀ tó fi máa kun odindi àǹkáṣíìfù? Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń kó epo ẹ̀rọ fún àwọn agégẹdú. Òun ló ní kí wọ́n fọ kẹ́ẹ̀gì kíákíá, òun ló gbé èkejì sá. Lójú agbo ìṣínu, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ ló káwọ́ kò.

"Ààwẹ̀ dé, wọ́n ń béèrè epo ju èyí tó wà lọ," ni Benoît wí. "Ó fẹ́ kí ilé onígíláàsì kún, kó sì ṣẹ́kù fún Venez-Voir. Ó wá bu epo ẹ̀rọ lé e."

"N ò ní kí wọ́n tà á ní Louis níbí," ni Súbérù bú sẹ́kún. "Ẹ bi wọ́n. Èyí tó mọ́ ni mo ní kí wọ́n tà níbí. Venez-Voir nìkan ni mo ní kí wọ́n gbé èyí lọ. N ò mọ̀ pé yóò pa èèyàn."

Álífà Bàdírù gbá etí agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó sún kúrò níbi tí Súbérù wà. Sípẹ́kítọ̀ ti gbọ́ irọ́ oríṣiríṣi lẹ́nu àwọn ọ̀daràn, kò tíì gbọ́ ẹni tó fi irú èyí gbèjà ara rẹ̀ rí.

"Bàbá, ẹ tẹ́," ló wí. "Ẹ dìde ká lọ."

Lágọ̀ọ́, wọ́n gbé Sìlífátù jáde. Jean-Baptiste gbá a mú lápá kan, Eugénie lápá kejì; ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Dókítà ní bóyá yóò rìn, bóyá kò ní rìn. Lẹ́nu ọ̀nà tóóró ni wọ́n ti pàdé Súbérù pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ọ̀nà náà kò gbà wọ́n, wọ́n ní láti dúró.

"Sìlífátù," ni Súbérù wí, "foríjì mí."

Obìnrin náà wò ó. Kò bú u, kò ṣépè.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí àkàrà mi," ló wí. "Mo ní bóyá iyọ̀ ló pọ̀ jù. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń bẹ̀ yín, Bàbá Bẹ̀llò sì ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ wò mí, ẹ ní kí n dìde."

Sìlífátù fọwọ́ kan apá Eugénie. "Ẹ gbé mi kọjá."